Okùn Ìwọ̀n Kò Mọ Bọ́ọ̀lù

Bí oṣù karùn-ún bá ti dé lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ NBA a kó àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ṣiṣẹ́ ṣe jọ sí Chicago, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn wọ̀n wọ́n. Wọn a wọn gíga ọmọ láìwọ bàtà. Wọn a ní kó tẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n mọ bó ti gùn tó láti ìka dé ìka. Wọn a wọn àtẹ́lẹwọ́, wọn a wo bó ti fò sókè tó, wọn a ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi sáré. Kí ilẹ̀ tó ṣú, iye tí wọ́n rí ti wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yaba tí ń fi fóònù wo NBA lóru. "Ọmọ ọdún 19. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 10. Apá rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà 7!" Ẹni tó bá gbọ́ wọn láti ìta á rò pé àgbò Iléyá ni wọ́n ń ná.

Ìgbàgbọ́ kan ló wà nídìí gbogbo ariwo yìí, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í léèrè ọ̀rọ̀. Òun ni pé ohun tí ọ̀dọ́mọdé fọ́wọ́ọ̀dù, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù iwájú, yóò dà lọ́la, lára rẹ̀ àti nínú ọjọ́ orí rẹ̀ la ti ń rí i. Bó bá ga, tí apá rẹ̀ gùn, tí kò sì tíì pé ogún ọdún, ó parí. Ohun tí kò bá mọ̀, yóò kọ́ ọ. Gíga ni kò ṣe é kọ́, wọ́n á ní.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì gba ìdajì rẹ̀ pàápàá. Ohun tí ọmọ yóò dà kì í ṣe ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ohun tó ti ń ṣe ni, bó ti wù kó kéré mọ, pẹ̀lú bó ṣe yá a tó láti kọ́ ọ. Ara á jẹ́ kí ohun tó mọ̀ ríṣẹ́ ṣe láàrin àwọn òmìrán, ìyẹn dájú. Kò ní fún un ní ohun tí kò mọ̀.

Orúkọ kan ni wọ́n sábà máa ń fi pa mí lẹ́nu mọ́: Giannis Antetokounmpo. Tiwa ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Yorùbá ni bàbá rẹ̀ Charles, Igbo ni ìyá rẹ̀ Veronica, Athens ni wọ́n bí i sí ní 1994, àwọn ará Gíríìkì ló sì kọ Adétòkunbọ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń pè lónìí. Ó bá àwọn ẹbí rẹ̀ ta aago àti awò ojú lójú títì kó tó di pé bọ́ọ̀lù bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní 2013, Milwaukee Bucks mú un ṣe ẹni 15 nínú draft, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ NBA fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ láàrin ara wọn. Ọmọ ọdún 18 ni, ó tín-ín-rín, ìpele kejì nílẹ̀ Gíríìkì ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Filathlitikos. Ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Milwaukee, póìntì 6.8 ló ń rí nínú ìdíje kan. Nígbà tó di 2019, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù lọ. Ó tún gbà á ní 2020. Ní oṣù keje 2021, ó ju póìntì 50 sáwọ̀n lálẹ́ ọjọ́ tí Bucks gba ife. Àwọn alátakò mi á wá bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé o rí i? Apá ni wọ́n rà, ìyókù sì bá a lọ́nà."

Apá nìkan kọ́ ni wọ́n rà. Ẹ padà lọ wo fídíò rẹ̀ ní Filathlitikos. Ọmọ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 9 ló ń gba bọ́ọ̀lù lábẹ́ àwọ̀n tirẹ̀, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ darí rẹ̀ dé òdìkejì, tó ń wo ọ̀tún tó ń fi ránṣẹ́ sí òsì láìdúró. Iṣẹ́ gáàdì, ẹni tó ń darí bọ́ọ̀lù, ni wọ́n gbé fún un, ó sì ń ṣe é. Àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tó ń dojú kọ ọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ohun tí Giannis ń ṣe ní 2021, tó ń gbé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn wá tí ẹnikẹ́ni kò lè dá a dúró, irúgbìn rẹ̀ wà nínú fídíò náà gbangba. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò tíì ju bí ọdún mẹ́fà lọ tó ti fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ohun tí okùn ìwọ̀n rí ni pé ó ga. Ohun tí kò lè rí ni pé ó ga, ó sì mọ ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà.

Bí ẹ bá ṣì rò pé ara ni, ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé wọn. Thanasis, ẹ̀gbọ́n Giannis, ni ẹni 51 nínú draft 2014. Kostas, àbúrò rẹ̀, ni ẹni 60 ní 2018, ẹni ìkẹyìn pátápátá. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, oúnjẹ kan náà, àdúgbò Sepolia kan náà. Kostas ga bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ga lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, apá rẹ̀ gùn, ó ń fò. Àwọn méjèèjì gba òrùka ife, Kostas pẹ̀lú Lakers ní 2020, Thanasis lẹ́gbẹ̀ẹ́ Giannis ní 2021, n kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n orí àga ìdúródeni ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wọn. Bó bá jẹ́ pé ara ló ń ṣe é, Giannis mẹ́ta ni ì bá ti wà ní NBA.

Ìtumọ̀ òdì tí wọ́n fún Giannis yìí ti ná àwọn ẹgbẹ́ lówó gọbọi. Milwaukee fúnra wọn kó sínú rẹ̀. Ní 2016, wọ́n fi ipò 10 mú Thon Maker, ọmọ South Sudan tó dàgbà ní Australia, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7, tí fídíò rẹ̀ ti gba ìgboro kan nítorí pé ó ń darí bọ́ọ̀lù bí ẹni kúkúrú. Nígbà tí 2021 ń bẹ̀rẹ̀, NBA ti parí fún un. Lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n mú Maker, ní ipò 36, Milwaukee yìí kan náà mú Malcolm Brogdon, gáàdì ọmọ ọdún 23 tó ti lo ọdún márùn-ún ní Yunifásítì Virginia, ẹni tí gbogbo èèyàn ní ó ti dàgbà jù, kò sí ohun tí yóò tún kọ́ mọ́. Brogdon ló gba àmì-ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tó dára jù lọ ní sáà náà.

Àmọ́ Toronto ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti dán ọ̀ràn yìí wò bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ bá wa parí àríyànjiyàn. Masai Ujiri, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Zaria, ni olórí ẹgbẹ́ Toronto, ìyẹn Raptors, nígbà náà. Ní 2014, wọ́n fi ipò 20 mú ọmọ Brazil kan, Bruno Caboclo, ọmọ ọdún 18. Bí ó bá tẹ́ apá, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 7, ohun tí ó tó láti da orí ẹnikẹ́ni rú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní São Paulo, Pinheiros, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kó pẹ́ nínú ìdíje. Fran Fraschilla tó ń ṣàlàyé lórí tẹlifíṣọ̀n ESPN lálẹ́ ọjọ́ náà ló fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ku ọdún méjì kó tó wá ku ọdún méjì fún ọmọ náà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní Kevin Durant ti Brazil.

Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, Raptors ní ipò 27 lọ́wọ́, wọ́n mú Pascal Siakam, ọmọ Douala ní Cameroon. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò dùn ún gbọ́ létí àwọn tí ń wọn ọmọ. Ó ti pé ọdún 22. Kò mọ bí a ti ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. New Mexico State ni yunifásítì rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àlùfáà Kátólíìkì ni bàbá rẹ̀ fi í sí ní kékeré, ìgbà tó lọ sí àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí agbábọ́ọ̀lù NBA Luc Mbah a Moute ń ṣe ní Cameroon ní 2011 ni bọ́ọ̀lù tó ní láárí fún un. Dragan Bender, fọ́wọ́ọ̀dù ọmọ Croatia tí kò tíì pé ọdún 19, ni Phoenix mú ní ipò kẹrin lọ́dún kan náà; gíga rẹ̀ pé, ọjọ́ orí rẹ̀ pé, gbogbo rẹ̀ bá ìwé mu. Kò pé ọdún mẹ́rin tí Bender fi kúrò ní NBA.

Kí ni Siakam ti ń ṣe kí Toronto tó rí i? Póìntì 20.3 àti bọ́ọ̀lù tó ta padà 11.6 nínú ìdíje kan ní sáà rẹ̀ ìkẹyìn. Ẹ fi iye yẹn sílẹ̀ ná, kì í ṣe òun ni mo ń lé. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ dé òdìkejì, nígbà gbogbo, yálà wọ́n ń borí tàbí wọ́n ń pàdánù. Bí wọ́n bá dè é lọ́nà ní ọ̀tún, á fi ẹ̀yìn yí po, á yọ ní òsì. Ọmọ tó jẹ́ pé ọdún márùn-ún ló fi kọ́ eré ni! Ní ìdíje àkọ́kọ́ nínú àṣekágbá NBA 2019, yíyípo yẹn náà ló fi ń kọjá lára Draymond Green, ẹni tó mọ ọ̀nà àtidènà ju ẹnikẹ́ni lọ láyé ìgbà náà. Ó jù ú 17, 14 wọlé, póìntì 32. Jíjù láti òkèèrè ni Toronto kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ yẹn, òun ló gbé e wá.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀ràn Toronto yìí dùn mọ́ mi ni pé ilé kan náà ni wọ́n ti kọ́ àwọn méjèèjì. Raptors 905 ni ẹgbẹ́ kejì tí Toronto fi ń tọ́ àwọn ọmọ dàgbà. Caboclo wà níbẹ̀, Siakam wà níbẹ̀, wọ́n jọ gba ife pẹ̀lú rẹ̀ ní 2017, Siakam ni wọ́n sì fún ní àmì-ẹ̀yẹ àṣekágbá. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé wọn kò mójú tó Caboclo. Ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni wọ́n fi dúró dè é kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí Sacramento ní oṣù kejì 2018. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Siakam gba ife NBA, ó tún gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó tẹ̀ síwájú jù lọ. Ní 2025, nígbà tó ti wà ní Indiana, òun ló peregedé jù lọ nínú àṣekágbá ìlà-oòrùn.

Ọ̀rọ̀ Caboclo ní ìgbẹ̀yìn tó yẹ ká sọ, kí a má ba à ṣojúsàájú. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Paris 2024, Brazil pàdé Amẹ́ríkà, wọ́n lu Brazil bolẹ̀, ṣùgbọ́n Caboclo nìkan ju póìntì 30 sáwọ̀n níwájú LeBron James àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti di agbábọ́ọ̀lù gidi ní Yúróòpù. Àwọn alátakò mi gbà á mú: ẹ̀bùn náà wà níbẹ̀, wọ́n ní, àwọn ẹgbẹ́ NBA ni kò ní sùúrù. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 28 ni lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọdún mẹ́wàá ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ Fraschilla. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti yẹ ọmọ wò, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kó sọ pé nǹkan yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, níbì kan, fún ẹgbẹ́ ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, nítorí níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ti rò pé wọ́n ti borí mi. Wọ́n ní bí ọmọ ọdún 19 àti ọmọ ọdún 22 bá ń ṣe bákan náà, ti ọmọ ọdún 19 ló níye lórí jù, nítorí ó ṣì kù tí yóò dàgbà sí. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ọdún méje ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ayé ni wọ́n ti ń gbé òpó àti àwọ̀n sẹ́yìnkùlé. Ọmọ Indiana tó pé ọdún 19 lè ti lo ọdún 12 nínú eré yìí, pẹ̀lú akọ́nimọ̀ọ́gbá tí àwọn òbí ń sanwó fún. Siakam tó pé 22 kò tíì lo ju márùn-ún lọ. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló kéré? Ìwé ìbí kò lè dáhùn rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ló yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibẹ̀, kí a wá wo ibi tó dé.

Àwa ọmọ Èkó ló yẹ kó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Hakeem Olajuwon kọ́kọ́ jẹ́ aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, nígbà tó ń kàwé ní Muslim Teachers College. Ní 1980, ó wọ Yunifásítì Houston pẹ̀lú ìmọ̀ díẹ̀ nípa básíkẹ́ẹ̀tì. Ní 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú draft. Sẹ́ńtà, ẹni tó máa ń dúró lábẹ́ àwọ̀n, ni, kì í ṣe fọ́wọ́ọ̀dù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gíga nìkan ni ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ nílé wa fún ogójì ọdún, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ló fi dá àwọn sẹ́ńtà Amẹ́ríkà lóró, ẹsẹ̀ tó kọ́ lórí pápá lábẹ́ oòrùn Èkó.

Aburú mìíràn tún wà nínú kíka ọjọ́ orí bí owó. Níbi tí ọdún mẹ́ta bá ti lè yí ìgbésí ayé ọmọ padà, ẹnìkan á fẹ́ gé ọdún mẹ́ta kúrò. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, a tilẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn tó sọ pé ọmọ ọdún 22 kò wúlò mọ́ kò ní ẹnu láti bínú sí ẹni tó bá pa irọ́ pé òun jẹ́ 19.

Ẹni tó bá mọ ìtàn NBA dáadáa yóò ti máa wá Michael Olowokandi bọ̀ láti fi kò mí lójú. Ọ̀rọ̀ tó le ni, n kò sì ní sá fún un. Èkó ni wọ́n bí i sí, London ló dàgbà sí. Ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù. Ó yan Yunifásítì Pacific nínú ìwé, ó sì fi tẹlifóònù pè wọ́n fúnra rẹ̀ pé òun ń bọ̀. Ní sáà rẹ̀ ìkẹyìn níbẹ̀, ó ń rí póìntì 22.2. Los Angeles Clippers mú un ní ipò kìíní ní 1998. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ́, ó yára kọ́, ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà: ṣé kì í ṣe ohun tí mo ń polówó nìyẹn? Bẹ́ẹ̀, póìntì 8.3 ló fi parí gbogbo ìrìn rẹ̀ ní NBA. Dirk Nowitzki ni ẹni kẹsàn-án lọ́jọ́ náà, Paul Pierce ni ẹni kẹwàá, fọ́wọ́ọ̀dù méjì tí wọ́n ti wà nínú ilé àwọn olókìkí báyìí.

Èsì mi pé méjì. Èkíní, ẹ wo ẹni tó ń jù ú lé lórí ní Pacific. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dojú kọ ọ́ kò ga tó o. Ohun tí a rò pé ó mọ̀, ara rẹ̀ ló ń bá a ṣe é, ọjọ́ tó pàdé àwọn tó ga bí i tirẹ̀ sì ni a mọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Wọ́n tún fi gíga yàn án ni, wọ́n kàn fi póìntì bò ó mọ́lẹ̀.

Èkejì ni ilé tó gbà á. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù ń jà lórí owó, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn NBA pa títí di 1999. Ìdíje 50 ni wọ́n rí gbá, Clippers sì pàdánù 41 nínú rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ náà kò tilẹ̀ ní ilé ìdánrawò tó jẹ́ tirẹ̀. Nowitzki lọ sí Dallas, lẹ́yìn tí Milwaukee tó mú un ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ nítorí Robert Traylor, fọ́wọ́ọ̀dù tó sanra, tó lágbára, tí ara rẹ̀ wù wọ́n ju ti ọmọ Jámánì tẹ́ẹ́rẹ́ náà lọ. Ní sáà àkọ́kọ́ yẹn, Olowokandi ń rí 8.9, Nowitzki ń rí 8.2. Bí ẹ bá dá wọn dúró síbẹ̀, ọmọ tiwa ló borí! Ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá Don Nelson ní Dallas jẹ́ kí Nowitzki máa jù láti òkèèrè bó ti ga tó un, nígbà tí gbogbo ayé ń sọ pé ẹni gíga abẹ́ àwọ̀n ni àyè rẹ̀. Holger Geschwindner, tó kọ́ ọ láti Würzburg, kò sì fi í sílẹ̀, ó ń wọ ọkọ̀ òfúrufú wá bá a. Ní sáà kejì, 17.5. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ti lé ní 31,000 póìntì, ife Dallas 2011 sì wà nílé rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ṣáájú draft 1998 lọ́hùn-ún, Nowitzki ti ju póìntì 33 lé àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó dára jù lọ lórí ní San Antonio. Kò sí ẹni tó fi nǹkan pamọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé tó gbà á yìí ni ó ń dùn mí jù nínú bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀bùn. Wọ́n á ṣírò ọmọ, wọn kò ní ṣírò ara wọn. Kawhi Leonard dé láti San Diego State ní 2011 pẹ̀lú bọ́ọ̀lù jíjù tí kò dán mọ́rán. Indiana mú un ní ipò 15, wọ́n sì gbé e fún San Antonio lálẹ́ ọjọ́ kan náà. San Antonio ní Chip Engelland, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó tún ọwọ́ àwọn ajùbọ́ọ̀lù ṣe. Ó tún un ṣe. Leonard di ẹni tó peregedé jù lọ nínú àṣekágbá ní 2014 àti ní 2019. Ní ọdún tí wọ́n mú un yẹn, Derrick Williams ni fọ́wọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ́kọ́ pè, ní ipò kejì. Jimmy Butler ni wọ́n pè kẹ́yìn ní ìpele kìíní, ní ipò 30.

Wọ́n á tún ní kí n wo Adam Morrison. Charlotte mú un ní ipò kẹta ní 2006 nítorí ohun tó ti ń ṣe gan-an: póìntì 28.1 ní Gonzaga, kò sẹ́ni tó jù ú lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní NBA, orúnkún rẹ̀ tún bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kò sọ pé kí wọ́n ka póìntì. Iye póìntì náà okùn ìwọ̀n ni, ó kàn ń wọn nǹkan mìíràn. Kò sí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Morrison, kí ni ó ń ṣe? Ta ló ń dènà? Ta ló rí bọ́ọ̀lù gbà láti ọwọ́ rẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n béèrè nìyẹn, kò sì ṣòro láti rí ìdáhùn rẹ̀ nígbà náà.

Draymond Green ni òdìkejì rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ní Michigan State, ó kúrú fún fọ́wọ́ọ̀dù ńlá, ó sanra díẹ̀, ẹni 34 ni wọ́n pè ṣáájú rẹ̀ ní 2012. Sacramento ti mú Thomas Robinson ní ipò karùn-ún, fọ́wọ́ọ̀dù tí ara rẹ̀ pé bí ère. Green ti gba ife mẹ́rin. Ohun tó ń ṣe ní Michigan State, tó ń pariwo sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n máa dúró sí, tó ń rí ewu kó tó dé, òun náà ló ń ṣe ní Golden State. Lóòótọ́ apá rẹ̀ gùn ju gíga rẹ̀ lọ, ó sì ràn án lọ́wọ́. N kò sọ pé apá kò wúlò. Durant pàápàá, ẹni tí kò lágbára ni wọ́n pè é ní 2007 nítorí pé kò lè gbé irin 185 pọ́ọ̀nù sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ìdánwò. Ọmọ tó ti ń rí póìntì 25.8 àti bọ́ọ̀lù tó ta padà 11.1 ní Texas! Àwọn kan sì jókòó, wọ́n ń jiyàn lórí irin.

Kí ló dé tí ìgbàgbọ́ yìí kò fi kú? Ó rọrùn fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ náà ni. Ọ̀gá tó bá mú ọmọ ọdún 19 tó ga tó sì kùnà, wọ́n á ní ọmọ náà ni kò ṣiṣẹ́ kára. Ọ̀gá tó bá mú ọmọ ọdún 22 tó kúrú tó sì kùnà, wọ́n á ní kí ló ń wò? Owó ọmọ tuntun ti wà nínú ìwé àdéhùn, kò pọ̀ lójú wọn, nítorí náà títa tẹ́tẹ́ lórí apá gígùn kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀. Láti 2006 pẹ̀lú, òfin ti sọ pé ọmọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ pé 19, kó sì lo ọdún kan lẹ́yìn girama, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń lo sáà kan péré ní yunifásítì. Ìdíje bí ọgbọ̀n lè jẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n rí wò. Ẹni tí kò rí eré wò á padà sídìí okùn. Láti 2021 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lè gba owó lórí orúkọ wọn, àwọn kan ti ń dúró pẹ́ sí i ní yunifásítì, àwíjàre àìrí eré wò yìí sì ti ń tán lọ.

Ẹni tó san gbèsè ìgbàgbọ́ yìí jù lọ kò sí ní Chicago. Nílé wa ni ó wà. Ọmọ kan bá ga lójijì ní ọdún 14, ọkùnrin kan á dé, á sọ fún ìyá rẹ̀ pé Amẹ́ríkà ń dúró de ọmọ yìí, á mú un kúrò ní ilé ìwé. Kò ní béèrè bóyá ọmọ náà fẹ́ràn eré ọ̀hún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pápá kan náà, ọmọ kan wà tí kò ga tó o, tó ń rí àlàfo kó tó ṣí, tó ń gba bọ́ọ̀lù tó ta padà lọ́wọ́ àwọn tó fi orí jù ú lọ. Òun ni kò sẹ́ni tó bi í ní orúkọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwọ̀n apá ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo oṣù karùn-ún, mo bẹ̀ yín, fídíò ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Kì í ṣe fídíò tí wọ́n ti gé, tó jẹ́ kìkì ìgbà tó fò tó fi ọwọ́ gún un wọlé. Ẹ fún mi ní ìdíje tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pàdánù, èyí tí àwọn alátakò ti pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, tí wọ́n sì ti mọ apá tó fẹ́ràn. Ẹ jẹ́ kí n wo ìdá kẹrin rẹ̀, ìgbà tí ó ti rẹ ẹsẹ̀. Kí ẹ sì kọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà a lè jọ jókòó jiyàn.